Ògiri Tí Wọ́n Wọ̀ Lẹ́wù Sìmẹ́ńtì

Ọkùnrin kan wà tí ìjọ rẹ̀ fi ilé Ọlọ́run tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Baba Ìjọ ni wọ́n ń pè é; kì í ṣe àlùfáà, àgbà ìjọ tó ń bójú tó ilé náà ni. Ìlú wọn wà lẹ́sẹ̀ òkè, ilé ìjọsìn náà sì wà lórí òkè, níbi tí èèyàn ti lè máa rí i láti gbogbo ọ̀nà oko.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní ìlú náà ló fi amọ̀ kọ́ ọ. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ amọ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n mọ ọ́n ní ìṣù-ìṣù, wọ́n sì tò ó ní ìpele kan. Wọ́n á wá fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi mọ ògiri nìkan. Nígbà tí wọ́n parí, ògiri náà nípọn débi pé ọmọdé lè dùbúlẹ̀ gbalaja sójú fèrèsé rẹ̀. Igi ìrókò ló gbé òrùlé ró. Lábẹ́ òrùlé, wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sára ògiri yí ká, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé kó sì máa gba ibẹ̀ jáde. Bí oòrùn ń mú níta bí iná, inú ilé náà a máa tutù.

Ilé yìí ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ilẹ̀ dáadáa, àwọn obìnrin ìjọ á lọ sí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á bu amọ̀ níbẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á da omi èèpo irúgbá tí wọ́n ti sè títí tó fi pọ́n sí i. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ògiri tirẹ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń pa á, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí àkàbà bá dé. Òjò á fọ díẹ̀ lọ lára rẹ̀ nínú ọdún, wọ́n á sì dá díẹ̀ náà padà nígbà ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ṣe wà, títí tí àwọn tó kọ́ ọ fi kú, tí àwọn ọmọ wọn kú, tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ń hu ewú nínú rẹ̀.

Baba Ìjọ fẹ́ràn ilé yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í sí ìkáwọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bí òjò bá ti ṣú, àyà rẹ̀ á já. Bó bá rí ìlà tín-ín-rín kan lára ògiri, ó di ohun àdúrà àti ààwẹ̀. Àwọn ará ìjọ kejì tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tiwọn, sì mọ ibi tó ń dùn ún.

"Baba Ìjọ, òjò ń bọ̀ o. Ṣé ẹ ti gbé agbòjò lọ fún ilé yín?"

Baba Ìjọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà á bá a délé, á bá a jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ ìtọ́jú, àṣeparí ló ń fẹ́. Ó ń wá ohun kan tí òun lè ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí òun kò sì ní bẹ̀rù mọ́ títí ayé. Ohun tí Baba Ìjọ ń wá náà nìyẹn, ó sì rò pé òun ti rí i.

Ó pe ìpàdé. Ó ní, "Amọ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé yìí, nínú àti lóde. Ká dí gbogbo ihò òkè yẹn, àdán ń gba ibẹ̀ wọlé. Ká da sìmẹ́ńtì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ̀yin ìyá wa náà á sì sinmi amọ̀ pípò."

Inú àwọn èèyàn dùn. Àwọn obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ pàtẹ́wọ́, nítorí òórùn ìgbẹ́ màlúù kì í tètè kúrò léèékánná. Obìnrin kan ṣoṣo ló dìde láti sọ̀rọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ni, ẹni tó ń darí àwọn obìnrin, tó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti bi ògiri bóyá ó fẹ́?"

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Baba Ìjọ náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ògiri ò lẹ́nu."

"Ó lára," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí, ó sì jókòó.

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ pa ògiri náà fún àádọ́ta ọdún ó lé, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Bíríkìlà dé, ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe rán an. Ọdún kìíní, ilé náà ń dán bí ẹyin. Àwọn tó ń fi Baba Ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ gun òkè wá láti ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Òjò rọ̀, kò fọ ohunkóhun lọ. Nígbà ọyẹ́, àwọn obìnrin jókòó sílé, kò sẹ́ni tó dé ìdí kòtò amọ̀. Ọkàn Baba Ìjọ balẹ̀ bí omi inú àwo.

Ọdún kejì, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà, bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká pọ̀ ní tútù. Ebu hù lára ìwé orin. Ìsàlẹ̀ ògiri ṣókùnkùn láti ilẹ̀ dé orúnkún, ohun funfun kan bí iyọ̀ sì ń yọ lára rẹ̀. Baba Ìjọ pe bíríkìlà padà, wọ́n sì tún rẹ́ sìmẹ́ńtì lé sìmẹ́ńtì. Ọdún kẹta, ògiri tó wà lẹ́bàá àga ìwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó yọ ikùn síta bí aboyún oṣù márùn-ún. Àwọn tó máa ń jókòó nídìí rẹ̀ ṣí lọ sápá kejì láìjẹ́ pé ẹnì kan lé wọn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù sì rán ẹnjiníà kan wá. Ẹnjiníà fi òòlù kékeré kan gbá ògiri náà káàkiri. Bó ṣe ń gbá a ló ń dún bí àgbá òfìfo. Ó gbá ibi tó wú náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fà sẹ́yìn.

Ó ní, "Baba, inú ògiri yìí ti jẹrà. Mi ò lè fọwọ́ sí i kí èèyàn máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ wó o, kó má baà wó lù yín."

Wọ́n dá ọjọ́. Ọjọ́ Ajé kan báyìí ni wọn yóò wó o, wọn yóò sì ṣe ìsìn ìkẹyìn nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣíwájú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Baba Ìjọ kò lè jẹun. Ohun tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Àwọn tí kò mọ̀wé ló kọ́ ọ. Èmi tí mo mọ̀wé ni mo wó o."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Àwọn obìnrin wá gbá ilé náà fún ìsìn ìkẹyìn. Àwọn kan ń sunkún bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ kò sunkún. Ó lọ síbi ògiri tó wú náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu ọ̀nà, ó rí Baba Ìjọ níbi tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Ẹgbẹ́ ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Tí kì í bá ṣe níwájú ìpàdé, kì í fi ẹ̀yin pè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, wá. Gbé ọwọ́ rẹ lé ibí. Báwo ni?"

"Ó tutù, Ìyá."

"Ara ta ló ń tutù báyìí?"

"Ara òkú."

"Ara ẹni tó làágùn sínú ẹ̀wù òjò náà ńkọ́?"

Baba Ìjọ tún gbé ọwọ́ lé ògiri.

Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "Amọ̀ a máa mumi, a sì máa tu omi. Tí òjò bá rọ̀ lówùúrọ̀ nígbà tiwa, bó bá di ọ̀sán, ògiri ti gbẹ. Ọwọ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ wá wọ ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì fún un. Omi ń ti inú ilẹ̀ gun inú rẹ̀ bọ̀, kò rí ibi jáde. O rí i pé ó ń làágùn, o tún wọ èkejì lé e."

"Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ní inú rẹ̀ ti jẹrà."

"Ó rí inú rẹ̀?"

Baba Ìjọ mi orí pé rárá.

"Èyí tó wú yìí, ṣé ògiri ló wú ni àbí ẹ̀wù? A kì í gbẹ́ sàréè sílẹ̀ fún ẹni tí a kò tíì tú aṣọ lára rẹ̀ wò."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí láti ọjọ́ yìí?"

"Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Orúnkún sì ń dùn mí, mi ò lè máa sáré tẹ̀lé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín."

Baba Ìjọ wo ikùn ògiri náà. "Tí mo bá ṣí i, tó wó ńkọ́?"

"Ọjọ́ Ajé lẹ ti fẹ́ wó o. Yóò kàn fi ọjọ́ méjì yá ni. Lọ wá igi tì í, kí o sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má dúró síwájú."

Wọ́n ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Ó dé pẹ̀lú òòlù àti irin ṣóńṣó, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ojú sì ń tì í.

"Wọlé wá," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. "Wá wo bí iṣẹ́ rẹ ṣe lóyún."

Òmíràn dá a lóhùn: "Ẹ fi í sílẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ baba ọmọ."

Ẹ̀rín yẹn ló mú bíríkìlà wọlé. Ó bá wọn fi igi ti òrùlé, ó sì fi igi ti ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan kí ẹnì kan fọ́ ọ, ó fà sẹ́yìn. Baba Ìjọ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn jáde sí gbangba. Wọ́n jáde, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó dún lófìfo. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó sán. Ìgbà kẹta, sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó àtẹ já bọ́ sílẹ̀, omi dúdú sì tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rùn. Baba Ìjọ dijú. Ó ń retí ariwo òrùlé.

Kò gbọ́ ariwo kankan àfi ti omi tó ń ṣàn sílẹ̀. Nígbà tó lajú, ikùn náà kò sí mọ́. Ó ti bá sìmẹ́ńtì lọ. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró gbọnrangandan, bí àwọn tó kọ́ ọ ṣe dá a dúró. Baba Ìjọ sún mọ́ ọn, ó ti ìka bọ inú amọ̀ náà. Ìka rẹ̀ wọlé dé oríkèé àkọ́kọ́. Ó tún tì í, kò wọlé mọ́. Ó gbìyànjú níbòmíràn, bákan náà ni. Ó fi irin ṣóńṣó ha èyí tó rọ̀ kúrò, ó sì bá èyí tó gbẹ níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí náà pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ bi í láti ẹnu ọ̀nà, "Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

"Ó dúró?"

"Ó dúró."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, nígbà yẹn ni àwọn tó kù tó mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà.

Ó wọlé, ó sì fi ibi tí sìmẹ́ńtì ti já han Baba Ìjọ. Amọ̀ tín-ín-rín-tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí ìkejì bí ewé ìwé. Ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ọwọ́ àwọn tó ti kú wà lábẹ́, ọwọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wà lókè. Baba Ìjọ fẹ́ kà á, ó ka ogún, ó sì fi í sílẹ̀.

Abẹ́ igi ọdán ni wọ́n ti sìn lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó gbé ṣọ́bìrì àti òòlù wá láti wó ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó sìmẹ́ńtì lára rẹ̀. Ẹnjiníà náà dé lọ́sàn-án. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ògiri ní ibi mẹ́fà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà.

Ó ní, "Ẹ̀wù ni mo yẹ̀ wò, mi ò yẹ ara wò. Ẹ má wó o. Ẹ fọ́ sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ilẹ̀ lè mí. Ẹ la ojú gọ́tà síbẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà lọ."

Kì í ṣe pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Nídìí àga ìwàásù, ẹsẹ̀ ògiri ti rọ̀ lóòótọ́, ó sì gùn tó apá èèyàn kan. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n mọ ìṣù amọ̀ tuntun síbẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n ń dúró kó gbẹ. Iṣẹ́ ọ̀nà tí àwọn àgbà fi ìka ya yí ojú fèrèsé méjì ká bá sìmẹ́ńtì lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe yà á mọ́. Èyí dun Baba Ìjọ, ó sì yẹ kó dùn ún. Ṣùgbọ́n ilé dúró. Wọ́n ṣí àwọn ihò òkè padà, afẹ́fẹ́ wọlé, òórùn náà sì lọ.

Nígbà ọyẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá júwe fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi po amọ̀ kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Baba Ìjọ wà nínú amọ̀ pẹ̀lú wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Baba Ìjọ, ẹ ká ṣòkòtò yín sókè dáadáa, amọ̀ ò mọ olóyè."

"Ẹ jẹ́ kó mọ̀ mí," ni Baba Ìjọ dáhùn. "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọjọ́ Ìsinmi, àárín ìwàásù. Ó rọ̀ gidi. Àlùfáà dá ìwàásù dúró, gbogbo ìjọ sì ń wo ògiri. Omi pupa díẹ̀ ṣàn gba ojú gọ́tà lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kọrin ìparí, òjò ti dá. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtàrí, ara ògiri ti ń gbẹ. Baba Ìjọ lọ gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rí ibì kan tí òjò ti ha, nítòsí igun, ó sì sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ pé, "A óò pa ibí yìí nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀." Bí ẹni tó ń sọ ohun tí òun fẹ́ jẹ lálẹ́ ló ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, òjò kò já a láyà mọ́. Kì í ṣe pé òjò kò lè mú nǹkan kan lára ilé náà. Ó ti mọ̀ pé ọyẹ́ wà lẹ́yìn òjò, àti pé ọwọ́ àwọn èèyàn yóò wà níbẹ̀.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, o ti mọ̀ pé kì í ṣe amọ̀ nìkan ni mo ń wí. Ìwọ ìyá tí o wọ ẹ̀wù òtútù méjì fún ọmọ nínú ooru, tí o kò jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀, tí ìyá ọkọ rẹ kò lè gbà á mọ́ra kí o má máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ìfẹ́ náà ni Baba Ìjọ fi ra sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí o lè ṣe fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní sí iṣẹ́ mọ́ lọ́la. Ohun tí a fẹ́ràn, à ń tún un ṣe ni, a kì í ṣe é tán. Tí ayé bá ha díẹ̀ lára rẹ̀ lónìí, ìwọ yóò pa á padà, àwọn mìíràn yóò sì bá ọ pa á, tí o bá jẹ́ kí ọwọ́ wọn dé ibẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti tọ́ ọmọ rí, kí o sì jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn. Nítorí náà, bọ́ ẹ̀wù kan kúrò lára ọmọ yẹn nísinsìnyí. Gbé e fún ìyá ọkọ rẹ, kó gbé e dání. Kí ìwọ náà jókòó, kí o jẹun.